Onílé Kì í Ṣe Onílẹ̀: Ìtàn Ìṣòro Àwọn Onílé ní Àyíká Ọjà Oliha, Ìlú Ìbíní

1.0 Ìfáàrà

Fáwẹ̀lì ìparí àti ohùn orí rẹ̀ nìkan ni ó ya onílé sọ́tọ̀ kúrò lára onílẹ̀ nínú èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì sún mọ́ra débi pé ẹni tí kò fetí sílẹ̀ dáadáa lè gbọ́ ọ̀kan ní èkejì. Nínú èdè Ẹ̀dó, owa ni ilé, ọtọ ni ilẹ̀. Ìró wọn kò jọra rárá. Síbẹ̀, ní ìlú Ìbíní gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Èkó àti ní Ìbàdàn, àlàfo tí ó wà láàárín ẹni tí ó kọ́lé àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ilé dúró lé ni orísun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣòro tí ó ń bá àwọn tí ó ń kọ́lé fún títà tàbí fún yíyá fínra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi owó iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́lé, tí ó di onílé láìdi onílẹ̀, tí ilé àti owó sì bá a lọ papọ̀.

Àyíká Ọjà Oliha ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Ìdí méjì ni ó mú kí ibẹ̀ yẹ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé ọjà a máa sọ ilẹ̀ àyíká rẹ̀ di ohun iyebíye: ẹni tí ó ń tajà ń wá ṣọ́ọ̀bù, alábàárù ń wá yàrá tí yóò sùn, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń wá ilẹ̀ tí yóò kọ́ méjèèjì lé. Èkejì ni pé orúkọ oyè ni ọjà náà ń jẹ́, oyè náà sì ti wà nídìí ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni àṣẹ lórí ilẹ̀ Ìbíní láti ayébáyé.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìṣòro onílé òde òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgídí àwọn ayálégbé tàbí jàgídíjàgan àwọn ọ̀dọ́ nìkan. Ìtàn ni ó bí i. Àṣẹ mẹ́ta ni ó ti gorí ara wọn lórí ilẹ̀ kan náà: àṣẹ ọba àti àdúgbò, àṣẹ ìjọba, àti àṣẹ ẹbí. Èyí tí ó dé kẹ́yìn kò pa èyí tí ó bá níbẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ níbẹ̀ ń bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lò, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀.

2.0 Oliha, Ọba àti Ilẹ̀

Oliha ni olórí àwọn Uzama, àwọn ìjòyè méje tí ipò wọn ga jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ìfọbajẹ ní Ìbíní. Àwọn mẹ́fà yòókù ni Edohen, Ezomo, Ero, Eholo N'Ire, Oloton àti Edaiken tí í ṣe àrẹ̀mọ ọba. Nínú ìtàn Ìbíní tí Jacob Egharevba kọ, èyí tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1934, àwọn àgbà ìlú tí Oliha ṣáájú wọn ni ó ránṣẹ́ sí Odùduwà ní Ifẹ̀ pé kí ó fún àwọn ní ọba, èyí ni ó sì gbé Ọ̀rànmíyàn dé Ìbíní. Ìtàn mìíràn tí ààfin Ìbíní gbé lárugẹ sọ̀rọ̀ Ekaladerhan, ọmọ Ogiso ìkẹyìn, pé òun ni ó ti Ìbíní lọ sí Ifẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ìtàn méjèèjì pọ̀, kì í sì í ṣe ibí yìí ni a ti lè parí rẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni pé nínú ìtàn Egharevba, àwọn àgbà bí Oliha ti wà lórí ilẹ̀ kí ìran ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ di òní tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn tún sọ pé Ọba Ewedo ni ó kó ààfin kúrò ní Usama wá sí ibi tí ó wà títí di òní, tí ó sì dín agbára àwọn Uzama kù. Àwọn Uzama dúró sí apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, ní òdìkejì yàrà odi inú. Ọba Oguola ni ìtàn fi gbígbẹ́ odi tì, wọ́n sì ní Ọba Ewuare náà ṣiṣẹ́ lórí odi ìlú ní sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún. Láti ìgbà náà ni àṣẹ lórí ilẹ̀ ti túbọ̀ ń rọ̀ mọ́ ọba. Àwọn Ẹ̀dó a máa sọ pé ọba ni ó ni ilẹ̀ títí dé ìlú òyìnbó. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọba lè ta ilẹ̀ bí ẹni ń ta iṣu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlú ni ó ni ilẹ̀, ọba ni ó sì ń dì í mú fún wọn.

Bí a bá fi èyí wé Èkó, ìyàtọ̀ ńlá yóò hàn. Ní Èkó, àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun, ni onílẹ̀. Ọba, tí ìran rẹ̀ tan mọ́ Ìbíní, ni olórí ìlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń pín ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa ní Apapa, Amodu Tijani tí ó wà lórí oyè náà gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ pé ìwé tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ní ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, àti pé owó gbà-má-bínú tọ́ sí Olúwa àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ gidi. Ní Èkó, nígbà náà, ẹbí onílẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wá kàn. Ní Ìbíní, ààfin ni.

3.0 Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín Ilẹ̀ Kí Ó Tó Di Ọdún 1978

Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbíní. Wọ́n kó ère àti ohun ọ̀ṣọ́ ààfin lọ, iná sì jó apá púpọ̀ nínú ìlú. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1914. Ọdún 1914 yìí kan náà ni ọmọ rẹ̀, Eweka Kejì, gorí ìtẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ìlú fi wà láìní ọba lórí ìtẹ́, síbẹ̀ nígbà tí oyè padà, àṣà pé ọwọ́ ọba ni ilẹ̀ wà kò kú.

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé a lọ bá odionwere, àgbà àdúgbò. Àgbà yóò fi ilẹ̀ hàn án, wọn yóò fi tó ààfin létí, ọ̀rọ̀ parí. Ẹnu àwọn aládùúgbò ni ìwé ẹ̀rí. Èyí tó nígbà tí ilẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ Ọba Akenzua Kejì, tí ó jọba láti ọdún 1933 sí 1978, ìlú ń fẹ̀. Ìbíní wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn títí di ọdún 1963, nígbà tí wọ́n dá Ẹkùn Àárín-Gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, tí Ìbíní sì di olú-ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, oníṣòwò tẹ̀ lé wọn, Yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Gbogbo wọn ń wá ibi tí wọn yóò gbé.

Ní àwọn ọdún 1960 ni ètò ìgbìmọ̀ ìpín ilẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ilẹ̀ yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọba, yóò sì gbé e gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò tí ilẹ̀ náà wà. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yóò fẹsẹ̀ ara wọn dé orí ilẹ̀. Wọn yóò wò ó bóyá ẹnì kan ti wà níbẹ̀, bóyá igi oko tàbí ojúbọ wà lórí rẹ̀, wọn yóò sì mọ àwọn tí ó bá a pààlà. Bí ó bá mọ́, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé náà, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ààfin. Ọba ni yóò wá fi àṣẹ sí i. Láti ìgbà náà ni ẹni náà ti ní ilẹ̀.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun tí ètò yìí ṣe. Ó so ẹnu mọ́ ìwé. Ìwé ọba kò lè jáde bí ẹnu àdúgbò kò bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àdúgbò kò sì tó láìsí ìwé ọba. Àwọn àgbà sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìgbìmọ̀ yìí ni àgbà ọjà nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

4.0 Ìwé Méjì Lórí Ilẹ̀ Kan

Bí ètò náà ti dára tó, ó ní ihò. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní Ìbíní jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti ọgọ́rùn-ún ní òró. Lórí ìwé, ilẹ̀ kan jọ èkejì. Bí igbó kò bá tíì di ilé, ọmọ ìgbìmọ̀ tí kò dé orí ilẹ̀ lè fọwọ́ sí ìwé ènìyàn méjì láìmọ̀, ẹni tí ojú owó wọ̀ sì lè mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe bá ara wọn ní kóòtù, tí oníkálukú gbé ìwé tí àṣẹ ọba wà lórí rẹ̀ dání.

Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ̀rọ̀ lórí irú èyí nínú ẹjọ́ Okeaya àti Aguebor ní ọdún 1970. Ó tẹnu mọ́ ọn pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ Ìbíní, pé ọba jẹ́ alágbàtọ́ tí ó ń dì í mú fún wọn, àti pé òun ni ó lè sọ ọ́ di ti ẹnì kan. Ohun tí ó sì tẹ̀ lé èyí kò ṣòro láti rí: bí ọba bá ti fi ilẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́ lọ́nà tí ó tọ́, kò sí ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò tún fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó kọ́ gbà ni ó ni ín. Nínú ẹjọ́ Aikhionbare àti Omoregie ní ọdún 1976, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìpín ilẹ̀ tún wá sójú agbami.

Ọdún 1976 yìí náà ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣe ìdájọ́ Idundun àti Okumagba, tí ó ti Warri wá. Nínú rẹ̀ ni ó ti ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, lílo ilẹ̀ bí olówó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, jíjókòó lórí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà. Ìwé jẹ́ ọ̀kan péré nínú márùn-ún. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ nítorí pé ìwé rẹ̀ dán, tí kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá a pààlà, ti fi ọ̀nà mẹ́rin sílẹ̀ fún alátakò.

5.0 Òfin Ìlò Ilẹ̀ Ọdún 1978

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé òfin kan jáde tí ó kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà láti máa mójú tó o fún àǹfààní àwọn ará ìlú. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ẹnikẹ́ni ní kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ tí kò tíì kọ́lé sí nínú ìgboro kò gbọdọ̀ ní ju ìdajì hẹ́kítà lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà, tí ó fẹ́ fi dúró fún gbèsè, tàbí tí ó fẹ́ yá a fúnni, gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà.

Ní Ìbíní, òfin yìí dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ kúrò lọ́wọ́ alágbàtọ́ kan fún alágbàtọ́ mìíràn. Ọdún tí ó jáde gan-an ni Ọba Akenzua Kejì wàjà. Ọba Erediauwa gorí ìtẹ́ ní ọdún 1979. Òfin náà kò sọ ìwé ọba tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ di òfo. Ẹni tí ó ti kọ́lé sí ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin tó dé ni òfin kà sí ẹni tí gómìnà ti fún ní ẹ̀tọ́. Nítorí náà, ìwé àtijọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀, ìwé tuntun náà ń sọ̀rọ̀, oníbàárà sì wà láàárín.

Ìdájọ́ mẹ́ta fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́jú pọ̀ hàn. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní ọdún 1989, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé fífi ilé dúró fún gbèsè láìgba àṣẹ gómìnà kò múlẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ ẹni náà kí òfin tó dé. Ẹ̀rù ba àwọn ilé ìfowópamọ́, nítorí ẹni tí ó yá owó tí ó sì gbàgbé láti gba àṣẹ ni ó tún ń fi àìgba àṣẹ náà gbèjà ara rẹ̀. Ní ọdún 1990, nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni, ilé-ẹjọ́ ṣàlàyé pé ìwé ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí C of O kì í sọ ẹni tí kò ní ilẹ̀ di onílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní ẹ̀tọ́ tí ó lágbára jù, ìwé náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Nígbà tí ó sì di ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, ó sọ pé òfin ọdún 1978 kò pa àjọṣe àtijọ́ tí ó wà láàárín onílẹ̀ àti ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ́. Ìyẹn ni pé gómìnà dé, ṣùgbọ́n onílẹ̀ kò lọ.

Ìjọba fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ewu fún onílé. Yàrà odi Ìbíní ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti ọdún 1961, síbẹ̀ àwọn kan da ìdọ̀tí dí i lójú, wọ́n sì kọ́lé sí etí rẹ̀. Ẹni tí ó ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ra ilẹ̀ rárá. Ó ra ìlú mọ́lẹ̀. Yàrà wọ̀nyí ni omi òjò ń gbà lọ látijọ́. Nígbà tí wọ́n dí, omi wá ọ̀nà mìíràn, ilẹ̀ pupa Ìbíní kò sì le tó láti dá a dúró. Ọ̀gbàrá ti gbẹ́ kòtò jíjìn sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ ènìyàn.

6.0 Igiogbe: Ilé Tí Kò Ṣeé Há fún Ẹlòmíràn

Ìṣòro mìíràn ń dìde nígbà tí onílé bá kú. Nínú àṣà Ìbíní, ilé tí ọkùnrin gbé títí ó fi kú ni wọ́n ń pè ní igiogbe. Ọmọkùnrin tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó wà láàyè ni ó ni ín, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú baba rẹ̀ parí. Kí ẹ̀yẹ náà tó parí, alágbàtọ́ ni ó jẹ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀.

Àwọn onílé tí ó kàwé gbìyànjú láti fi ìwé ìhágún yí èyí padà. Òfin tí ó jẹ mọ́ ìwé ìhágún ní Ìbíní ní orísun rẹ̀ nínú òfin tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní Ìbàdàn ní ìparí àwọn ọdún 1950. Òfin náà gbà kí ènìyàn há ohun ìní rẹ̀ bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn kékeré kan kún un: kò gbọdọ̀ lòdì sí àṣà ìbílẹ̀ tí ó jẹ mọ́ ohun ìní náà. Gbólóhùn yìí ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tú wò nínú ẹjọ́ Idehen ní ọdún 1991. Ní ọdún 1995, nínú ẹjọ́ Lawal-Osula, ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé baba kò lè fi ìwé ìhágún gba igiogbe lọ́wọ́ àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin.

Àṣà Yorùbá yàtọ̀ sí èyí. Ilé baba jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ìdí-igi tàbí orí-òjorí ni wọ́n fi ń pín in, gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ti fi hàn. Suberu Dawodu ti Èkó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ìbéèrè ni bóyá ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín ogún sí tàbí mẹ́sàn-án. Ìdájọ́ ìkẹyìn tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ní ọdún 1962 gbe ìdí-igi lẹ́yìn.

Fún ẹni tí ó fẹ́ ra ilé, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, bí olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, wọ́n lè pe ẹjọ́ kí títà náà bàjẹ́. Bí ọmọ ẹbí lásán bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Ìbíní, ẹni tí ó ra igiogbe lọ́wọ́ àbúrò ra afẹ́fẹ́. Ẹni tí ó sì rà á lọ́wọ́ àkọ́bí tí kò tíì ṣe ẹ̀yẹ baba rẹ̀ ra ẹjọ́. Ìdí nìyí tí àkọlé pé ilé yìí kì í ṣe títà fi pọ̀ lára ògiri káàkiri ìlú ńlá Nàìjíríà. Ìwé àkọsílẹ̀ ni ògiri bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ fún ẹni tí ó bá lè kà á pé ẹbí kan wà nínú ilé náà tí kò ì fohùn ṣọ̀kan.

7.0 Onílé àti Ayálégbé

Ìṣòro tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni ti ayálégbé. Ilé àyíká ọjà sábà máa ń jẹ́ ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ṣọ́ọ̀bù wà níwájú. Owó ọdún kan tàbí méjì ni onílé ń fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan, nítorí owó símẹ́ǹtì kì í dúró de oṣù; ayálégbé ọlọ́jà sì ń rí owó rẹ̀ lójoojúmọ́ ní díẹ̀díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó jẹ owó ilé ni ó ya àgbàkà. Àwọn kan ni ọjà kò tà fún.

Òfin kò gbà kí onílé ká òrùlé tàbí kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé tí àkókò rẹ̀ ti parí. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni fún ẹni tí ń san owó lọ́sẹ̀, oṣù kan fún ẹni tí ń san lóṣù, oṣù mẹ́fà fún ẹni tí ń san lọ́dún. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ méje tí ó ń sọ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀, kí kóòtù tó wọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú ẹjọ́ African Petroleum àti Owodunni ní ọdún 1991, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ṣàlàyé ipò ayálégbé tí àdéhùn rẹ̀ ti tán ṣùgbọ́n tí òfin ṣì ń dáàbò bò. Onílé tí ó bá ṣi ọjọ́ kà nínú ìwé ìkìlọ̀ rẹ̀ yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Èkó, òfin ọdún 2011 sọ pé kí onílé má ṣe gbà ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin kò tíì borí àṣà níbi tí ilé kò ti tó. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé ọ̀pọ̀ onílé ni kò ní ìwé ilẹ̀ tí ó pé, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti gbé ayálégbé lọ sí kóòtù. Ayálégbé tí ó gbọ́n lè béèrè pé ta ni onílé gan-an, pàápàá bí baba bá ti kú tí àwọn ọmọ sì ń jà. Báyìí ni àrùn ilẹ̀ ṣe ń ran ilé.

8.0 Deve àti Fáǹdéṣọ̀n

Nígbà tí àṣẹ ìpín ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò, ẹnu àdúgbò kò dákẹ́. Ó wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí a mọ̀ sí CDA dìde ní Ìbíní. Nǹkan rere wà nínú iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn kan nínú wọn sọ ara wọn di onílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ yóò sanwó, ẹni tí ó fẹ́ kan òrùlé yóò tún san. Deve ni wọ́n ń pe owó náà ní Ìbíní àti Warri, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ìdàgbàsókè tí wọ́n gé kúrú. Ní Èkó, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gba owó fáǹdéṣọ̀n àti owó dẹ́kìn. Èdè ti fi ìtàn pamọ́ síhìn-ín: ọmọ onílẹ̀ tí í ṣe orúkọ iyì fún ọmọ bíbí inú ìlú ti di orúkọ jàǹdùkú, deve tí ó jáde láti inú ìdàgbàsókè sì ti di orúkọ ohun tí kì í jẹ́ kí ilé dàgbà.

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera. Ní Èkó, òfin ìdáàbòbò ohun ìní jáde ní ọdún 2016. Ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Ní ọdún 2017 náà, Ọba Ewuare Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, fòfin de àwọn ẹgbẹ́ CDA nínú ìjọba Ìbíní. Ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ EDOGIS sílẹ̀ ní ọdún 2018 láti fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀. Gómìnà àti ọba dojú kọ ìṣòro kan náà láàárín ọdún kan. Èyí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé àṣẹ méjèèjì ṣì wà lórí ilẹ̀ náà.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ìṣòro onílé ní àyíká Ọjà Oliha ní gbòǹgbò mẹ́ta. Ìwé tí kò ní ẹnu lẹ́yìn bí ìwé méjì lórí ilẹ̀ kan. Òfin tí ó gbé àṣẹ lọ sọ́dọ̀ gómìnà láìpa àṣẹ àtijọ́ rẹ́ bí iyèméjì. Àṣà ogún tí oníbàárà kò béèrè nípa rẹ̀ bí ẹjọ́. Ayálégbé alágídí àti ọ̀dọ́ tí ń gba deve wọ inú ihò tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ́ sílẹ̀.

Bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Ètò ìgbìmọ̀ ìpín ilẹ̀ àwọn ọdún 1960 ní àbùkù, àwọn ìwé ìdájọ́ sì jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan tí ètò tí ó tẹ̀ lé e gbàgbé: kí ìwé tó jáde, ó yẹ kí àwọn tí ó bá ilẹ̀ pààlà rìn dé orí rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ hàn láìṣìnà. Kò lè sọ bóyá ẹ̀yẹ ìsìnkú baba ti parí tàbí bóyá ojúbọ wà nídìí igi. Àwọn ènìyàn ni wọ́n mọ èyí. Ìgbà tí àkọsílẹ̀ ìjọba bá tó gba ẹnu wọn wọlé ni ẹni tí ó kọ́lé yóò tó lè sọ, láìbẹ̀rù àtiṣi ohùn pè, pé òun ni onílé, òun náà sì ni onílẹ̀.